Ó ti dé

Bí ìyá mi bá bi mí lórí fóònù pé kí ni mo jẹ lónìí, mo máa ń rí èsì fọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ni ọ̀rọ̀ ń há mi lọ́fun.

"Màmá, àwọn tó ń ya fíìmù ẹranko ni mò ń bá ṣiṣẹ́."

"Ìwọ lò ń yà á?"

"Rárá o. Mò ń bá wọn ru ẹrù."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Aláàárù ni ọ́ nìyẹn."

Wọn ò parọ́. Bristol ní England ni mò ń gbé, níbi tí BBC ti dá ẹ̀ka fíìmù ẹranko wọn sílẹ̀ ní 1957. Láti ìgbà náà ni ìlú yìí ti kún fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá kàwé nípa ẹranko, tí ẹ̀yìn rẹ sì le, ẹnìkan á pè ọ́. Wọ́n pè mí ní Oṣù Kẹfà: ọjọ́ mẹ́wàá nítòsí Aviemore ní Scotland, nítorí ẹyẹ osprey.

Osprey dà bí àṣá, ẹja ló ń jẹ. Nígbà òtútù, ọ̀dọ̀ tiwa lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn máa ń sá wá, Senegal àti Gambia, kí wọ́n tó padà. Ìbọn àti àwọn tó ń jí ẹyin kó ti pa wọ́n run ní Scotland ní nǹkan bí 1916. Ní 1954, tọkọtaya kan padà wá tẹ́ ìtẹ́ sí ẹ̀bá adágún Loch Garten, láìsí ẹni tó pè wọ́n. Òfin tí ìjọba Britain ṣe ní 1981 láti dáàbò bo ẹranko kò gbà kí a dà wọ́n láàmú nídìí ìtẹ́, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń pẹja la lọ lúgọ sí, lẹ́bàá adágún kan tí wọ́n ń sin ẹja trout sí.

Aago méjì òru la ń jí, torí oòrùn ibẹ̀ kì í pẹ́ yọ lóṣù náà. Mà á gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà léjìká, mà á kó bátìrì sẹ́yìn. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní midge, kò ju kantíkantí ẹnu agbè ẹmu lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹni bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó.

Ọ̀gá tó ń di kámẹ́rà mú ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n lórúkọ. Ahọ́n tèmi kọ̀ ọ́. "Sà" ni mo ń pè wọ́n títí wọ́n fi gba kámú.

Bàbá bàbá mi máa ń gẹ̀gùn lórí igi, wọn kì í wúkọ́. Tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé ẹran kì í kú. Bí ẹyẹ bá ti bà sórí igi kí a tó dé, èmi àti ọ̀gá la jọ máa wọ ahéré tí a fi ń lúgọ, èmi nìkan ni mà á jáde. Wọ́n ní ẹyẹ ò mọ ìṣirò. Ó rí ẹni tó jáde, ó gbà pé ibẹ̀ ti ṣófo. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn: kí n lọ, kí ó sì rí i pé mo lọ.

Lẹ́yìn náà, mà á lọ dúró lókè pẹ̀lú wọkitọ́kì. Kámẹ́rà náà ń ya ẹgbẹ̀rún àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń pa ti ẹ̀yìn rẹ́ bó ṣe ń yà. Ìgbà tí ẹyẹ bá gbé ẹja tán ni ọ̀gá tó ń tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà á wá di ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mú. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe àmì.

Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọ lórí igi, ó dúró lójú afẹ́fẹ́, ó pa ìyẹ́ dé. Gẹ̀ẹ́sì fò lọ lẹ́nu mi.

"Ó ti dé! Ó ti dé o!"

Omi fọ́n ká. Kí n tó gbé awò sójú, ó ti gbé ẹja lọ. Alẹ́, nígbà tí mò ń da iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí háàdì díráìfù méjì, ni mo tó rí i: ẹsẹ̀ ló ṣáájú wọ omi, ọmọ ìka kan yí padà, ó di méjì níwájú, méjì lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá pa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tì. Ní òwúrọ̀ tó kẹ́yìn, wọkitọ́kì há ramúramù láti inú ahéré. Wọn ò gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ sókè tó:

"O ti dé?"

Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Mo ti dé, sà."