Ṣé wọn ò gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ ni?

Inú mi ò bàjẹ́ o, kò sì dùn náà, ó kàn ń ṣe mí bákan látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí màmá kan sọ ni. A jọ wọ takisí láti Basírì lọ sí Fájuyì n'Ádó-Èkìtì níbí, rédíò ń ka ìròyìn lọ, wọ́n ní àbádòfin kan ti kọjá kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì l'Ábújá, màmá bá ní, "Ṣé wọn ò gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́ ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Èmi aláṣejù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní mà, tìgbà àkọ́kọ́ yẹn, orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó ń jiyàn lé e lórí, ibẹ̀ ló ti máa lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, wọ́n lè pe aráàlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn, kó tó wá kan kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tára ẹ̀ ò yá nìyẹn.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ra iṣu l'Ọ́jà Ọba, ẹ má bi mí léye tí wọ́n tà á.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ màmá ò kúrò lọ́kàn mi. Òfin tó ní aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, FOI tí wọ́n ń pè yẹn, 1999 ló ti dé ilé aṣòfin. Wọ́n gbé e dé iwájú Ọbásanjọ́ ní 2007, baba ò buwọ́ lù ú, ó di May 2011 kí Jonathan tó fọwọ́ sí i. Ti epo rọ̀bì ńkọ́, 2008 sí 2021! Torí tí ọdún mẹ́rin àwọn aṣòfin bá ti pé, àbá tí wọn ò bá tíì parí bá ilé yẹn lọ nìyẹn, àwọn tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àṣé òótọ́ ni màmá sọ, wọn ò gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó gbọ́ ọ ti padà sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé wọn ò lè yára. Orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n pààrọ̀ ní May 2024, ọjọ́ mélòó ló gbà wọ́n? Ilé méjèèjì parí ẹ̀, Tinúbú buwọ́ lù ú, a ti ń kọ ọ́ kí àwa kan tó gbọ́ pé wọ́n ń rò ó.

Ṣá o, èmi kan náà ni mo máa ń pariwo pé kí wọ́n rọra ṣe é. Òfin owó tí wọ́n ń yá akẹ́kọ̀ọ́, June 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí i, nígbà tó fi máa di April 2024 wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n kọ òmíràn. Ká ní wọ́n fara balẹ̀... àbí ká ní wọ́n fara balẹ̀, ọmọ wo ló máa rówó yá? Mi ò mọ̀ jàre.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lùwé, tó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé lè fagbára sọ ọ́ dòfin, nílé aṣòfin Èkìtì wa níbí tí wọ́n jẹ́ 26, èèyàn 18 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ní òǹkà. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ńkọ́? Ìwé yẹn ò dá ọjọ́ kankan fún wọn, ibẹ̀ gan-an ni àbá sì ti ń sùn.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi nígbà tó pè. Ó ní tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún wọn, wọ́n á jókòó ṣeré títí ó fi máa ku ọ̀la, wọ́n á wá fi alẹ́ kan kà á tán. Mi ò rí èsì fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, inú sì ṣì ń bí mi.