Àdìrẹ Ìtòkú ń kówó jọ fún ẹgbẹ́ wa

Nínú ẹgbẹ́ Rotary (ẹgbẹ́ aláàánú tó wà káàkiri ayé) tí mo wà ní Abẹ́òkúta níbí, àdìrẹ la fi ń kówó jọ. Àwọn ìyá aláró Ìtòkú á dín owó aṣọ kù fún wa, àwa náà á tà á fún àlejò, èrè rẹ̀ á wọ àpò ẹgbẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ràn jù: ibi tí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sí kì í gba aró, funfun ló máa ń wà. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, mi ò ní gbà ká tà á láéláé.

Apá kan owó náà ń lọ sórí ìgbógunti rọpárọsẹ̀, iṣẹ́ tí Rotary ti dáwọ́ lé láti 1985. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀pá rìn títí dòní nítorí àrùn yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Wọ́n kéde lóṣù Kẹjọ 2020 pé ojúlówó kòkòrò rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ oríṣi mìíràn ṣì ń yọjú, àwọn ọmọdé ṣì gbọ́dọ̀ gba àjẹsára.

 

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá dá a lábàá pé ká máa sanwó fáwọn ìyá aláró ká tó gbé ọjà wọn.