Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fún ní máàkì, kì í ṣe èsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kíláàsì ń gba gbogbo ọjọ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́ mọ bó ṣe rí: kò sí akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì tí yóò dúró ti iṣẹ́ ìwádìí, àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn la fi ń ṣe é, bí wọ́n bá sì ti mọwọ́ rẹ̀ tán ni wọ́n ń lọ àgùnbánirọ̀. Síbẹ̀, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Omi kànga agboolé ní Pàkátà àti Adéta, níhìn-ín ní Ìlọrin, la ń yẹ̀ wò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé a kò gbọdọ̀ rí kòkòrò E. coli (èyí tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi) rárá nínú 100 mílílítà omi mímu. A máa ń da omi náà sínú túùbù tí oúnjẹ kòkòrò aláwọ̀ àlùkò wà nínú rẹ̀, tí a sì ti dojú túùbù kékeré kan dé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì kó o sínú ínkúbétọ̀ (àpótí tó ń mú kí kòkòrò hù nínú ooru) tó gbóná dé ìwọ̀n 37°C fún wákàtí 24, tàbí 48 bó bá pẹ́. Bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọ̀ àlùkò yóò di ìyeyè, afẹ́fẹ́ yóò sì há sínú túùbù kékeré náà. Ó tún ku ká yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwọ̀n 44 kí a tó lè dárúkọ E. coli.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. (Mo ti kọ̀wé béèrè epo ṣáájú, ẹni tó jókòó lé ìwé náà mọ ara rẹ̀.) Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ínkúbétọ̀ ti tutù, àwọ̀ àlùkò sì ni gbogbo túùbù wà síbẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti kọ ọ́ pé: «Ìwọ̀n: 37. Àwọ̀: ìyeyè. Afẹ́fẹ́: wà», kànga lẹ́yìn kànga, pẹ̀lú lẹ́tà tó gún régé. Mo di túùbù kan mú lọ́wọ́ kan, mo di ìwé mú lọ́wọ́ kejì, ara mi sì ń gbọ̀n, nítorí pé kànga tí a bá kọ irọ́ sí lọ́rùn, ìyàwó ilé kan ló ń fà á fọ́mọ mu.

Nígbà tí mo pè wọ́n, ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀: «Ẹ forí jì wá, mà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní èsì kò lè yege.» Ní tiyẹn, wọn kò purọ́. Ìwé tí a fi ń pín máàkì fún wọn fi èyí tó pọ̀ jù sórí èsì, kò sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ bàjẹ́.

A tún omi bù, a sì parí iṣẹ́ náà.

Ẹ fi omi dídì sínú kúlà tí ẹ fi ń gbé omi bọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ṣùgbọ́n èyí tó jù ni pé kí ìwé àkọsílẹ̀ má ṣe kúrò nínú yàrá ìwádìí, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí àyè ohun tó bàjẹ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún àyè náà ní máàkì. Àwọn kan yóò ní mo ń kẹ́ wọn bà jẹ́. Kì í ṣe ìkẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé òtítọ́ ní máàkì kò ní wá ohun tí yóò fi irọ́ ṣe. Ẹ máa bu ọwọ́ lu ìwé náà lójoojúmọ́, pàápàá jù lọ ojú ewé tí wọ́n bá kọ «iná lọ» sí.