Ọjọ́ kẹta mi ní Tamale: ayóyó

Aago ọwọ́ mi dójú tì mí lónìí. Ti Nàìjíríà ló ṣì ń kà, mo sì ti gbàgbé pé Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Báyìí ni mo ṣe lọ jókòó sẹ́nu géètì ilé-ìwé tí wọn ò tíì ṣí, èmi àti ewúrẹ́ méjì. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Dasiba." Ó ní, "Naa," ló bá da Dagbani, èdè wọn níbí, bò mí. Ẹnu mi wọhò. Ìkíni àárọ̀ yẹn nìkan ni mo gbọ́, Màmá àgbà ló sì kọ́ mi kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá ti ta abọ́ tánńganran rí nínú ọjà Tamale níbí. Ní November 1969, ìjọba Busia tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Oyún bàbá mi ti pé oṣù méje nígbà náà. Orí ẹrù nínú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí títí dé ilé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo sì dárúkọ ìlú náà, wọ́n kàn ń wò mí.

"Nínú gbogbo ayé, Àkànkẹ́? Ibẹ̀ náà lo rí lọ?"

Àfi lálẹ́ tó ku ọ̀la kí n gbéra ni wọ́n tó pè mí sí yàrá. "Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ mí lówó abọ́ mọ́kànlá. Bó o bá rí ọmọ ẹ̀, má sin gbèsè o. Ṣáà bá mi kí i."

Wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn di ẹrù mi sínú Ghana-must-go. Mi ò ronú kàn án títí a fi kọjá Sèmè, Kútọnu àti Lomé, tí mo gbé e kalẹ̀ ní bọ́dà Aflao. Obìnrin aláṣọ ìjọba kan fọwọ́ tọ́ báàgì náà: "Sister, kí lẹ ń pe èyí ní Nàìjíríà?" Mo ní báàgì ìrìnàjò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó kúkú mọ̀. Ní January 1983, àwa náà fún tiwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Lálẹ́ àkọ́kọ́ mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ wò ó bóyá mo tilẹ̀kùn.

Ọmọ méjìdínlógójì ló wà ní kíláàsì mi, ìwé márùn-ún. Mo ka gbólóhùn kan, wọ́n ń wò mí bíi tẹlifíṣọ̀n. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ bá dìde, ó sọ ara ẹ̀ di ògbufọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń sọ lórúkọ mi, àmọ́ kíláàsì rẹ́rìn-ín gan-an, a sì parí ojú ewé kan.

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé tuo zaafi wá fún àwa olùkọ́. Ó rí bíi tùwó, ó funfun, ó rọ̀. Ọbẹ̀ ewé kan wà lórí ẹ̀. Mo fọwọ́ bù ú, ó ń fà yọ̀ọ̀, irú ń ta sánsán nínú ẹ̀. Ewédú ni! Mo béèrè ohun tí wọ́n ń pè é.

"Ayoyo."

Ọwọ́ mi dúró lójú afẹ́fẹ́. Nínú ilé wa, Màmá nìkan ló ń pe ewédú ní ayóyó. Àwa ọmọ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni.

Mo pè wọ́n lórí WhatsApp lálẹ́ yìí, mo ròyìn ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Ṣé ó kúnná dáadáa?"

"Ó kúnná, mà."

"O ti dé ọjà?"

"Ó di Sátidé, mà."

"Ó dáa. Abọ́ mélòó ni mo pè é fún ọ?"

"Mọ́kànlá."

"Méjìlá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí."