Ẹ yẹ páásípọ̀tù yín wò kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́ ní Kánádà

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tí ẹ ń kàwé ní Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páásípọ̀tù yín jáde, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa tán. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba PGWP, ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, fún ọdún mẹ́ta. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tó gba másítàs náà ń rí ọdún mẹ́ta, kódà bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó ọdún méjì. Ṣùgbọ́n IRCC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń fún èèyàn ní ìwé náà, kì í kọ ọjọ́ tó kọjá ti páásípọ̀tù sórí rẹ̀. Ibi tí páásípọ̀tù bá dúró sí, ibẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ máa dúró.

Bó ṣe rí fún mi nìyẹn. Páásípọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún ni mo gbé wá láti ilé. Mo fi díẹ̀ nínú ọdún rẹ̀ wá físà, mo fi èyí tó pọ̀ kàwé. Nígbà tí PGWP mi dé, díẹ̀ ló fi ju ọdún kan lọ. Àyà mi já, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni wọ́n ń fún èèyàn ní PGWP. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Canadian Experience Class, ètò fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kánádà, dé ibi PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ fún ọdún kan. Ìwáṣẹ́ nìkan lè jẹ oṣù púpọ̀ nínú PGWP kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọdún tó kù kò wọgbó ṣá. Bó bá jẹ́ pé páásípọ̀tù ló gé ìwé yín kúrú, ẹ gba tuntun, kí ẹ béèrè ìyókù. Kì í ṣe PGWP kejì lẹ ń béèrè, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe èyí, fọ́ọ̀mù IMM 5710, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà páásípọ̀tù méjèèjì, ẹ̀dà PGWP tó wà lọ́wọ́ yín àti ẹ̀rí pé ẹ parí ẹ̀kọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ IRCC kí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín tó tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò sì kúrò ní Kánádà, ẹ lè máa báṣẹ́ lọ títí èsì á fi dé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó àti ti ìfìwéránṣẹ́, torí ọjọ́ ara ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń wò. Èmi ni mo ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi pé òfin gbà mí láyè láti máa ṣiṣẹ́ lọ. Nọ́ńbà SIN, èyí tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, tó bá fi 9 bẹ̀rẹ̀ náà máa ń tán pẹ̀lú ìwé iṣẹ́, ẹ rántí sọ ọ́ dọ̀tun.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba páásípọ̀tù, ọlọ́dún mẹ́wàá, olójú-ewé 64, ni kó gbà. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín lórí NIN bá ti páásípọ̀tù mu, torí ìyẹn máa ń fa ìdádúró gan-an.

Àbúrò mi kan fẹ́ dúró de páásípọ̀tù tuntun kó tó béèrè PGWP rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 180 péré lẹ ní láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jẹ́rìí pé ẹ parí. Ìwé kúkúrú ṣeé fà gùn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 180 bá kọjá, kò sí èyí tí ẹ máa fà. Ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú páásípọ̀tù àtijọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó sì ń retí tuntun kó lè béèrè ìyókù.