Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí igi iṣin kan lójú ẹ̀fúùfù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi iṣin kan fún yín. Igi yẹn kọ́ mi níṣẹ́ ju ọ̀gá èyíkéyìí lọ.

Ìyá kan ló kọ́lé sórí òkè lọ́nà Ẹdẹ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ilẹ̀ gbalasa ni. Katapílà ti ré gbogbo igi lulẹ̀ kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, bí atẹ́gùn bá ti gbéra, kò sóhun tí yóò dí i lọ́nà títí yóò fi kan ògiri ilé. Ìyá ní igi tí yóò rẹwà tí yóò sì tún so ni òun fẹ́. Mo ní ká gbin iṣin. N kò tíì kábàámọ̀ ìdáhùn yẹn títí dòní. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni ewé ń wà lórí rẹ̀, ibòji rẹ̀ tutù, bí ó bá sì so, èso á pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Tó bá wá là, ẹ ó rí kóró dúdú mẹ́ta tó ń dán, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó lórí ẹran tirẹ̀ tó funfun bí wàrà. Ilẹ̀ wa ló sì ti ṣẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni ọ̀nà tí mo gbà gbìn ín. Torí pé mo fẹ́ kí inú ìyá tètè dùn, èyí tó ga jù mí lọ ni mo rà, ó sì ti pẹ́ nínú ọ̀rá dúdú tó wà. Òjò méjì péré ló tíì rọ̀ nínú oṣù kẹta tí mo fi gbìn ín. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù ni mo gbìn ín sí, mo ní fẹ́ǹsì á gbà á sílẹ̀. Mo ri ọ̀pá gbọọrọ tì í, mo sì fi okùn ọ̀rá dì í mọ́ ọn gbagidi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i ló yìn mí.

Oṣù kẹrin ọdún kejì ni ìjì dé. Ikán ti jẹ ìdí ọ̀pá tán láìjẹ́ pé mo mọ̀, ọ̀pá wó, igi sì bá a wó. Nígbà tí mo fà á, ńṣe ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìgbà téèyàn fa èpò lórí ilẹ̀ rírọ̀. Mo gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù, mo wo gbòǹgbò rẹ̀: ó ká róbótó bí òṣùká, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú ọ̀rá. Odindi ọdún kan nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kan ṣoṣo kò na ọwọ́ jáde. Mo tún wo ara igi. Okùn ti gé èèpo rẹ̀ wọlé, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín ju òkè lọ. Mo jókòó ti igi náà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé ìjì kọ́ ló pa á.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Mímì tí atẹ́gùn ń mi igi ló ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ ki, òun náà ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò di ilẹ̀ mú. Igi tí ẹ bá dì pa, kò ní kọ́ bí a ṣe ń dúró. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ri ọ̀pá tì í, ẹ dì í nísàlẹ̀, kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta gíga igi. Túùbù kẹ̀kẹ́ tí ẹ là ni kí ẹ fi dì í, kí ó dẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tú u bí ọdún bá yípo. Ní ti gbòǹgbò tó bá ti ká, ẹ má bẹ̀rù láti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tú u síta kí ẹ tó gbìn ín. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré ló dára jù. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; kékeré náà ni igi ti ń mọ ẹ̀fúùfù.

Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Atẹ́gùn gbé e fo orí fẹ́ǹsì, ó já a lulẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó tún gbé e, ó ń yí i bìrìpé-bìrìpé lójú kan, kò kúrò níbẹ̀. Ibi tí mo gbin igi sí gan-an nìyẹn. Ògiri kì í pa atẹ́gùn. Atẹ́gùn á fò ó, á sì wá jà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ń tù ú lójú ni ọgbà ààyè tó ní àlàfo, tí atẹ́gùn lè sẹ́ kọjá nínú rẹ̀. Mo gé pèrègún, mo rì í ní ìlà méjì, ìlà kejì dí àlàfo ìlà àkọ́kọ́. Ìhà ìlà oòrùn ni mo rì í sí, nítorí ibẹ̀ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti ń wá lọ́dọ̀ wa, ọyẹ́ sì ń gba àárín ìlà oòrùn àti àríwá wọlé. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lè dáàbò bo ilẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́wàá gíga rẹ̀.

Kóró ni mo wá gbìn lẹ́ẹ̀kejì. Mo ra iṣin tó là fúnra rẹ̀ lọ́jà, mo jẹ ẹran rẹ̀, mo sì rì kóró mẹ́ta lójú kan lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí kóró iṣin kì í pẹ́ kú tó bá gbẹ. Ó lé lóṣù méjì kó tó yọ. Mo ri ọ̀pá mẹ́rin yí i ká kí àdá ẹni tó ń roko má baà ṣèèṣì bẹ́ ẹ. Mo fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, mo fa méjì yòókù tu. Nígbà ọyẹ́, mo tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀, mo fi ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí ara igi nítorí ikán, mo sì ń bu omi kẹ́ẹ̀gì lítà 10 sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. N kò di igi náà mọ́ ọ̀pá kankan.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún onílé kó tó di pé igi so. Iṣin tí kò tíì là fúnra rẹ̀ lórí igi, májèlé ni. Kóró rẹ̀ náà, májèlé ni, bó ti wù kó pọ́n tó. Hypoglycin ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó máa ń fa èébì, ó máa ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ọmọdé sì lè tipa bẹ́ẹ̀ kú. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni iṣin ti dé Jàmáíkà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó sì ti di èso orílẹ̀-èdè wọn, síbẹ̀ láti 1973 títí di 2000 ni Amẹ́ríkà kò fi jẹ́ kí iṣin inú agolo wọ ilẹ̀ wọn nítorí májèlé yìí. Ẹ má fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́. Mo pe gbogbo ọmọ ilé yẹn jọ, mo fi èyí tó là àti èyí tó ṣì dì hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan méjèèjì.

Ọdún karùn-ún ló so. Ìyá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ kùtù, ó ní kí n máa bọ̀, èso kan ti là. Nígbà tí mo dé, àwọn ọmọ ti tò sábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí òkè, igi ń mì láti orí dé ìdí.