Ìwé oúnjẹ tó sọnù ní Ìtòkú

Ọ̀sẹ̀ kejì ni aláró náà padà wá, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti sọ ìwé yẹn nù."

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ, òru ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ ìwé náà. Oúnjẹ ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìpápánu méjì láàárín, gbogbo rẹ̀ ni mo fi gíráàmù wọ̀n. Dókítà ọpọlọ ti sọ fún obìnrin yìí pé ADHD, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀, ló ń bá a jà. Ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ohun tó bá gbé kalẹ̀ báyìí, ó ti gbàgbé ibi tó gbé e sí. Ṣùgbọ́n tó bá ti fi ìyẹ́ adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ilẹ̀ lè ṣú bá a níbẹ̀. Láfún tó fi ro ẹ̀kọ aṣọ wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀, kò ní rántí pé òun náà kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ẹni tí ìgbàgbé ń yọ lẹ́nu ni mo kọ ìwé ojú méjì fún, pé kó máa rántí!

Ọjọ́ yẹn ni mo tó bi í ní ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ bi í: kí lo jẹ lánàá, níbo, aago mélòó? Ó ní tíì lásán lòun mu láàárọ̀, òun lo oògùn òun, ó di aago mẹ́jọ alẹ́ kí ebi tó ká òun mọ́. Ó jẹ àmàlà, ó fi búrẹ́dì lé e, ó tún ń wá bísíkíìtì kiri. Ó rò pé ọ̀kánjúwà ló ń ṣe òun. Methylphenidate, oògùn ADHD tó ń lò, ló ń pa ebi. Tí agbára rẹ̀ bá ti lọ nírọ̀lẹ́, ebi gbogbo ọjọ́ á wá sin ín lówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A jọ tún un ṣe. Kó jẹun kí oògùn tó wọlé: ẹyin méjì, tàbí ẹ̀wà tó kù láti alẹ́, tàbí àkàrà pẹ̀lú ògì. Ti ọ̀sán ló le. Mo ní kó fi fóònù ṣe ìránnilétí, ó ń pa á lẹ́nu mọ́ kó tó dún tán. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọgbọ́n wá. Oní-mọ́ínmọ́ín kan máa ń kiri gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Ó ń sanwó ọ̀sẹ̀ fún un lọ́jọ́ Ajé, pé tó bá ti di aago kan ọ̀sán, kó máa gbé mọ́ínmọ́ín wá ká òun mọ́ ìdí aró. Fóònù ṣe é pa lẹ́nu mọ́. Ẹ dán an wò lára ìyá oní-mọ́ínmọ́ín l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ wá ròyìn fún mi. Ìlà mẹ́ta péré ló kù nínú ìwé mi, ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri.

Ti ìyá kan láti Lafẹ́nwá ló ṣì ń dùn mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ADHD náà ni. Àwọn ará àdúgbò ti sọ pé ṣúgà ló fà á, ó sì bi mí bóyá kó yọ mílíìkì àti ẹyin náà kúrò. "Dókítà" ló ń pè mí. Wọ́n á pe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè máa tún un ṣe. Èmi ò tún un ṣe lọ́jọ́ náà, ó dùn mọ́ mi. Mo ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Kò tó oṣù méjì tí ọmọ náà fi rù. Oògùn ti ń pa ebi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èmi wá gba ìwọ̀nba tó ń jẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tó ń lo oògùn yìí tí mi ò ní gbé sórí ìwọ̀n, kí n sì wọn gíga rẹ̀, kó tó jókòó.

Ṣúgà kò fa ADHD. Àkójọpọ̀ àyẹ̀wò tó jáde lọ́dún 1995, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ṣúgà tàbí àfidípò rẹ̀ láì jẹ́ kí ọmọ tàbí òbí mọ èwo ni, kò rí ìyàtọ̀ nínú ìwà wọn. Ti àwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ohun mímu ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìwádìí tí Yunifásítì Southampton gbé jáde lọ́dún 2007, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ sára oúnjẹ tó bá ní àwọ̀ mẹ́fà kan, tartrazine wà nínú wọn, láti ọdún 2010. Mo máa ń ní kí àwọn ìyá dín ohun mímu aláwọ̀ kù, mi ò sì ń ṣèlérí pé ADHD máa lọ. Ṣáwà dára, Títù dára. Ọ̀rá ara wọn lè ranni lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè rọ́pò oògùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ferritin inú ẹ̀jẹ̀ wò ná, òun ló ń fi hàn bí èròjà irin tí ara kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó, torí èròjà irin tó bá pọ̀ jù lára ọmọdé, májèlé ni.

Ní ti aláró mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ló rí ìwé náà lábẹ́ ìdì aṣọ, aró ti rẹ ìdajì rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun mú un padà wá. Mo ní kó fi dáná sábẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ.